Ìjíròrò: Ọ̀nà wo ló dára jù láti fi irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ sáfà sínú apt, dnf àti irú wọn?

Aṣọ́de (ìbẹ̀rẹ̀ ìjíròrò)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń kọ irinṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ sáfà. Èdè Go ni mo fi kọ ọ́, abẹ́ ìwé-àṣẹ MIT ni mo gbé e sí, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò díjú: ó ń ka ohun tí kernel Linux ń kọ sínú /proc àti /sys, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí CPU, mẹ́mórì, dísíìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe sí, ó ń ya àwòrán rẹ̀ sójú ìwé kan tí a lè fi aṣàwákiri wò, bí nǹkan kan bá sì fẹ́ kọjá ààlà, ó ń ké gbàjarè.

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ń gbà fi í sórí ẹ̀rọ ni àṣẹ tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa: curl yóò gba script kan wá láti ojúlé mi, bash yóò sì ṣe é lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú agbára root, ìyẹn agbára láti ṣe ohunkóhun lórí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń lò ó ti ń ráhùn, wọ́n ní àwọn kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lórí sáfà iṣẹ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Wọ́n fẹ́ kọ «apt install» (lórí Debian) tàbí «dnf install» (lórí Fedora), kí alábòójútó ìdìpọ̀ fúnra rẹ̀ gba irinṣẹ́ náà wá láti àká, kí ó sì parí síbẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n dá àká tèmi sílẹ̀ ni, níbi tí n óò ti máa fi ọwọ́ ara mi kó ìdìpọ̀ .deb (fún apt) àti .rpm (fún dnf) sí, àbí kí n wá bí yóò ṣe wọ inú àká Debian àti Fedora fúnra wọn? Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa ti Debian ni pé ẹ̀dà tuntun ń jáde lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, mo sì gbọ́ pé ohun tó bá ti wọ Debian, ibẹ̀ ni yóò gbó sí.

Akọ̀wé_Kóòdù

Èmi kò rí ìdí tí o fi fẹ́ fi ara rẹ sábẹ́ wàhálà yìí. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé Go ni o fi kọ ọ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni Go ń mú jáde, kò sì nílò ohunkóhun mìíràn lórí ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Gbé fáìlì yẹn sójú ìwé ìgbéjáde rẹ, fi iye SHA-256 rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí oníṣe lè fi wádìí rẹ̀, kí o sì ṣe àwòrán Docker kan fún àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹténà, ìyẹn àyè àdádó tí sọ́fúwíà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ sí ẹ̀rọ tó kù. Ìgbà tí àwọn alábòójútó ìdìpọ̀ di dandan ni ìgbà tí sọ́fúwíà kan máa ń gbára lé ogún láíbírì tó wà káàkiri ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ti lọ.

Agbẹrù

Àbúrò mi, ìgbà yẹn kò lọ fún àwa tí a ń tọ́jú sáfà. Ogóje sáfà ni èmi àti ẹnì kejì mi ń bójú tó. Bí mo bá fẹ́ mọ ẹ̀dà irinṣẹ́ kan tó wà lórí gbogbo wọn, dpkg, irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ apt, ni mo máa bi. Bí àlébù ààbò bá jáde lónìí, ibẹ̀ náà ni n óò ti mọ sáfà tó kàn. Fáìlì tí ẹnìkan fi ọwọ́ gbé sínú /usr/local/bin kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, fáìlì náà di ọmọ òrukàn.

Ti kọ̀ǹténà ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ó dára. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ẹ̀rọ tí ó wà lórí rẹ̀, tí a wá tì mọ́ inú yàrá tí a kọ́ kó má baà rí ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ha ta kora bí? Àwọn tó ń ṣe node_exporter, irinṣẹ́ ìṣọ́ ẹ̀rọ ti Prometheus, kìlọ̀ nínú ìwé wọn pé ẹni tó bá máa fi í sínú kọ̀ǹténà ní láti ṣọ́ra gan-an, kó má lọ jẹ́ pé kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́. O ní láti so /proc, /sys àti gbòǹgbò fáìlì ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí o fún un ní ààyè PID (nọ́ńbà àwọn iṣẹ́ tó ń lọ) ti ẹ̀rọ, àti ààyè nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí o bá fi máa ṣe gbogbo èyí tán, kí ló kù nínú ògiri tí o ní o kọ́?

Aṣọ́de, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú: ṣé irinṣẹ́ rẹ máa ń mú ara rẹ̀ dójú ìwọ̀n? Ojú mi ti rí nǹkan níbẹ̀. Irinṣẹ́ kan tí a ń lò níbi iṣẹ́ mi àtijọ́ gbé ẹ̀dà tuntun wá fúnra rẹ̀ lóru, ẹ̀dà náà sì yí pọ́ọ̀tù tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ padà. Ibi tí à ń kó gbogbo ìròyìn jọ sí kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkìlọ̀ kankan kò dún, torí pé ẹni tó yẹ kó kìlọ̀ ni kò sí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a tó mọ̀.

Aṣọ́de

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń mú ara rẹ̀ dójú ìwọ̀n, mo sì ń fi í yangàn tẹ́lẹ̀. Ó tún máa ń fi iye ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ àti ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n kì í kó orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni.

Alákàá

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ń tọ́jú ìdìpọ̀ mélòó kan ní Debian, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí nínú ilé, torí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ níta kì í sábà pé.

Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti sọ. O óò kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ pé o fẹ́ kó irinṣẹ́ yìí jọ sínú ìdìpọ̀. ITP ni à ń pè é, a sì ń fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn àṣìṣe sí ìdìpọ̀ àfojúrí kan tó ń jẹ́ wnpp, kí ẹlòmíràn má baà máa ṣe iṣẹ́ kan náà láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni o óò ṣe ìdìpọ̀ orísun. Nígbà tí o kò tíì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, o nílò onígbọ̀wọ́ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ìdìpọ̀ tuntun á wá dúró lórí ìlà tí à ń pè ní NEW, níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè àká yóò ti wo ìwé-àṣẹ gbogbo fáìlì tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlànà sọ́fúwíà òmìnira tí Debian gbé kalẹ̀ ní ọdún 1997 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. MIT kò ní wàhálà kankan níbẹ̀.

Ibi tí irinṣẹ́ bíi tìrẹ ti máa ń kọsẹ̀ kì í ṣe ìwé-àṣẹ tirẹ̀ o. Ojú ìwé tí o ní a fi aṣàwákiri ń wò ni mo fẹ́ mọ̀ sí. Ṣé JavaScript tí a ti fún pọ̀, tí ènìyàn kò lè kà, ni o kó sínú kóòdù rẹ? Debian kì í ka ìyẹn sí orísun. Orísun ni irú ẹ̀dà tí ìwọ fúnra rẹ máa ṣí nígbà tí o bá fẹ́ tún nǹkan ṣe. Bí o kò bá lè gbé ìyẹn kalẹ̀, kí a sì lè fi irinṣẹ́ tó wà nínú àká kọ́ ọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìdìpọ̀ rẹ kò ní kọjá ẹnubodè.

Èkejì ni àwọn láíbírì Go. Nígbà tí a bá ń kọ́ ìdìpọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀: ẹ̀rọ tó ń kọ́ ọ kò gbọdọ̀ lọ gba ohunkóhun wá láti ìta. Àṣà Debian sì ni pé kí láíbírì kọ̀ọ̀kan ní ìdìpọ̀ tirẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí àlébù bá wà nínú ọ̀kan, ojú kan la ó ti tún un ṣe. Bí irinṣẹ́ rẹ bá gbára lé ọgọ́ta láíbírì, tí márùndínláàádọ́ta sì ti wà ní àká, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù di iṣẹ́ ìwọ àti onígbọ̀wọ́ rẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ irinṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ẹ̀dà Go fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀: Go 1.19 ló wà nínú Debian 12, èyí tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Go 1.24 ló wà nínú Debian 13 ti oṣù kẹjọ ọdún 2025. Bí kóòdù rẹ bá ti ń lo ohun tí Go 1.19 kò mọ̀, ẹ̀dà àtijọ́ yẹn ti kọjá agbára rẹ.

Nípa pé ohun tó bá wọ Debian á gbó síbẹ̀, òtítọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe àṣìṣe. Ọdún méjì méjì ni ẹ̀dà ìdúróṣinṣin tuntun máa ń jáde, láàárín ìgbà náà àtúnṣe ààbò àti àtúnṣe àwọn àṣìṣe tó burú ni a ń gbà wọlé. Ẹni tó yan Debian yàn án nítorí pé ohun tó fi sùn lálẹ́ ni yóò jí bá láàárọ̀. Àwọn tó fẹ́ tuntun ní backports, níbi tí a ti ń tún ìdìpọ̀ inú testing (ẹ̀ka tí a ti ń ṣètò ẹ̀dà tó ń bọ̀) kọ́ fún ẹ̀dà ìdúróṣinṣin. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ara rẹ ni bóyá o ṣe tán láti tọ́jú ẹ̀dà kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí o máa fi àtúnṣe ààbò nìkan kún un, láìfi ohun tuntun kankan sí i. Bí ẹnì kan bá fi ìròyìn àlébù ránṣẹ́ sí ọ nípa ẹ̀dà ọdún méjì sẹ́yìn, tí ìdáhùn rẹ sì jẹ́ «lọ gba tuntun», a jẹ́ pé o kò tíì ṣetán fún Debian, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Mímú ara ẹni dójú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹ̀dà tó bá ń gba ọwọ́ apt kọjá. Àṣẹ méjì kò lè wà lórí fáìlì kan. Ìròyìn tó ń lọ sílé náà, pa á tì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ tan án fúnra rẹ̀.

Onífìlà

Mo wà níhà kejì, níbi tí rpm ti ń jọba, mo sì fẹ́ fi ìyàtọ̀ méjì kún ọ̀rọ̀ Alákàá, torí pé àwọn méjèèjì máa ń bá olùkọ̀wé kóòdù lójijì.

Ní Debian, bí ìdìpọ̀ kan bá ní iṣẹ́ tí systemd (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó sì ń dá a dúró lórí Linux) ń bójú tó, iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kété tí a bá ti fi ìdìpọ̀ náà sórí ẹ̀rọ. Ní Fedora àti àwọn ẹbí rẹ̀, kì í bẹ̀rẹ̀. Alábòójútó ẹ̀rọ ni yóò sọ fún un pé kó dìde, àfi àwọn díẹ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún irinṣẹ́ tó ní ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Bí ó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí gbogbo àdírẹ́sì ẹ̀rọ, láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà, ìṣẹ́jú tí ẹni náà tẹ «apt install» ni gbogbo ayé lè máa wo inú sáfà rẹ̀. 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, nìkan ni kó máa gbọ́ títí oníṣe yóò fi yí i.

Èkejì ni fáìlì ìṣètò. Nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n bá gbé fáìlì ìṣètò tuntun wá, tí oníṣe sì ti yí ti àtijọ́ padà, dpkg máa dúró, yóò sì béèrè èwo ni kí òun mú. Nínú rpm, bí o bá kọ %config(noreplace) sí i, ti oníṣe ni yóò dúró, tuntun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrù .rpmnew. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí irinṣẹ́ rẹ máa kọ nǹkan sínú fáìlì ìṣètò tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti rí èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìmúdójúìwọ̀n ló ń di ìjà. Pín in sí méjì: ohun tí ìdìpọ̀ ní lọ́tọ̀, àti àpótí conf.d fún ohun tí oníṣe fẹ́ fi kún un.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìjìnnà, COPR wà. Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó ní àkáǹtì Fedora ti lè jẹ́ kí wọ́n kọ́ ìdìpọ̀ rpm fún òun, kí àwọn ènìyàn sì máa fi dnf gbà á. Ìgbà tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí o wá ronú nípa Fedora gan-an, àti EPEL, àká àfikún fún àwọn tó ń lo RHEL (Linux Red Hat fún ilé-iṣẹ́) àti ẹbí rẹ̀, torí pé orí wọn ni ọ̀pọ̀ sáfà iṣẹ́ wà.

Kọ́kọ́rọ́

Èmi ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, ẹ kò sì tíì dárúkọ ohun tó ń já mi láyà. Aṣọ́de fẹ́ dá àká tirẹ̀ sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àká kan kún ẹ̀rọ rẹ̀ ti fún olówó àká náà ní agbára root, nítorí pé root ni àwọn script inú ìdìpọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Àká náà sì tún lè gbé ìdìpọ̀ kan tó ń jẹ́ openssl kalẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà tó ga ju ti Debian lọ, apt yóò sì mú un, bí a kò bá ti fi ìlànà ìyànsípò (pinning, tó ń sọ àká tí apt yóò fi síwájú) dè é. Ẹni tó ní òun ó yá ni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò.

Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù rẹ ni ọrùn rẹ. Bí apt ṣe ń gba nǹkan gbọ́ rí báyìí: o bu ọwọ́ lu fáìlì kan tó ń jẹ́ InRelease, inú rẹ̀ ni àmì ìdánimọ̀ àwọn fáìlì Packages wà, inú Packages sì ni àmì ìdánimọ̀ .deb kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá jí kọ́kọ́rọ́ yẹn ti jí gbogbo ẹ̀rọ tó gbà ọ́ gbọ́. Má ṣe tọ́jú rẹ̀ sórí sáfà kan náà tí àká wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, yọ apt-key kúrò nínú ìwé ìtọ́ni rẹ bí ó bá ṣì wà níbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tí a bá fi apt-key gbé wọlé ni apt yóò gbà fún gbogbo àká, kì í ṣe tìrẹ nìkan. Sọ fún wọn kí wọ́n fi í sínú /etc/apt/keyrings, kí wọ́n sì fi signed-by so ó mọ́ àká rẹ nìkan ṣoṣo.

Ẹ rántí xz, irinṣẹ́ tí a fi ń fún fáìlì pọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund tú àṣírí ẹ̀bùrú tí ẹnì kan là sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, èyí tí a fún ní nọ́ńbà àlébù ààbò CVE-2024-3094. Apá kan lára ohun tó ń ṣí ẹ̀bùrú náà kò sí nínú kóòdù tó wà ní gbangba nínú git. Inú fáìlì tar tí a fi gbé ẹ̀dà jáde nìkan ló wà. Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ fún irinṣẹ́ kékeré bíi tìrẹ ni pé kí fáìlì tar rẹ má yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú git, kí ẹnikẹ́ni sì lè tún ìdìpọ̀ rẹ kọ́ kí ó sì bá ohun kan náà jáde. Debian ti ń lépa ìyẹn tipẹ́.

Ẹ̀tọ́ tí irinṣẹ́ náà ní lórí ẹ̀rọ ńkọ́? Má ṣe jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bíi root. Dá oníṣe tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí o sì jẹ́ kí systemd fi NoNewPrivileges (kó má lè gba agbára kún agbára) àti ProtectSystem=strict (kó má lè kọ nǹkan sínú fáìlì ẹ̀rọ) há a mọ́.

Agbẹrù

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún ìyẹn, torí pé ó ti dùn mí rí. Ẹ má ṣe kó gbogbo ìhámọ́ systemd lé irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ láìrò ó dáadáa. Bí ẹ bá kọ ProtectHome=yes, irinṣẹ́ náà kò ní rí inú /home mọ́, dísíìkì tó bá wà níbẹ̀ á pòórá nínú ìròyìn rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ProtectProc=invisible, iṣẹ́ àwọn oníṣe mìíràn á pòórá bákan náà. Ẹ kò ní rí àṣìṣe kankan, àwòrán á kàn máa sọ pé àlàáfíà ni. ProtectHome=read-only ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀. Ìdí kan náà ni n kò fi fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú snap, irú ìdìpọ̀ ti Ubuntu: ìhámọ́ rẹ̀ le, oníṣe sì ní láti fi ọwọ́ so àwọn ìsopọ̀ bíi system-observe kó tó lè rí ohun tó yẹ kó rí.

Akọ̀wé_Kóòdù

Ó dáa, mo gbà nípa ti mímú ara ẹni dójú ìwọ̀n. Àmọ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdìpọ̀ jẹ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. nfpm, irinṣẹ́ tó ń ṣe ìdìpọ̀, wà. O kọ fáìlì YAML kan, o tẹ àṣẹ kan fún .deb, òmíràn fún .rpm, ó parí. Kí ni ìdí gbogbo ètò yìí?

Alákàá

Ìbéèrè rere ni, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn. Fún àká tirẹ̀ fúnra rẹ̀, nfpm tó, mo tiẹ̀ máa gbà á nímọ̀ràn pé kó lò ó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n nfpm yóò kó ohun tí o bá gbé fún un, kò ní bi ọ́ bóyá ohun náà tọ́.

Wo nọ́ńbà ẹ̀dà nìkan. Bí o bá fi ẹ̀dà ìdánwò jáde tí o sì pè é ní 3.0-rc1, dpkg yóò ka «rc1» sí nọ́ńbà àtúnṣe ìdìpọ̀, yóò sì gbà pé 3.0-rc1 ga ju 3.0 lọ. Àwọn tó bá ọ dán an wò, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ jù, ni ẹ̀dà gidi kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. 3.0~rc1 ló yẹ kí o kọ, torí àmì ~ máa ń wá ṣáájú òfìfo pàápàá. Rpm náà mọ̀ ọ́n. Bí o bá sì ti fi ọdún ṣe nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, bíi 2024.5, tí o wá fẹ́ padà sí 3.0, àfi kí o fi epoch, nọ́ńbà tí a ń fi ṣíwájú ẹ̀dà, kún un, kí ó di 1:3.0. Epoch kì í ṣeé yọ mọ́ láéláé. Mo ní ìdìpọ̀ kan tó ń gbé e kiri títí dòní nítorí ìpinnu kan tí ẹnì kan ṣe kí n tó débẹ̀.

Wo bí a ṣe ń yọ nǹkan kúrò. «apt remove» gbọ́dọ̀ fi fáìlì ìṣètò àti àkọsílẹ̀ inú /var/lib sílẹ̀. «apt purge» ni yóò kó wọn lọ. rpm kò ní purge. Irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ sáfà máa ń ní ìtàn oṣù púpọ̀ nínú /var/lib. Script kan tó bá pa á rẹ́ nígbà ìmúdójúìwọ̀n ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Kọ́ ìdìpọ̀ rẹ, kí o sì fi lintian, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú ìdìpọ̀ Debian, yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí o kò bá ní gbé e lọ sí Debian láé. Ohun tí yóò bá ọ wí lé lórí pọ̀, apá kan rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, àmọ́ má ṣe fojú fo èyí tó bá ti pè ní àṣìṣe.

Aṣọ́de

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo lo òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ yín, mo sì fẹ́ jábọ̀.

Mo ti fi àmì ìkọ́lé kan sínú kóòdù, tó jẹ́ pé bí a bá ń kọ́ ọ fún ìdìpọ̀, apá tó ń mú ara rẹ̀ dójú ìwọ̀n kì í wọlé rárá. Ìròyìn tó ń lọ sílé ti di ohun tí a ń tan. Ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù rẹ̀ ti ń gbọ́ lórí 127.0.0.1 nìkan, ó tì mí lójú pé gbogbo àdírẹ́sì ni ó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, tí n kò sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sí i. Mo ṣe .deb àkọ́kọ́ pẹ̀lú nfpm, mo fi lintian wò ó: àṣìṣe mẹ́rin. Mo gbé fáìlì kan sí /usr/local, fáìlì ìwé-àṣẹ kò sí, fáìlì ìyípadà kò sí, fáìlì kan nínú /etc kò sì sí lára conffiles, àkójọ fáìlì ìṣètò tí dpkg kì í yí padà láìbéèrè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́ ti kúrò. Ìkẹrin ni ìdí tí fáìlì ìṣètò àwọn ènìyàn fi ń yí padà láìbéèrè, èyí tí mo ti ń rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ JavaScript ló kù. Mo ka láíbírì Go mi, mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò sí ní Debian, mo sì rí i pé mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án náà, iṣẹ́ ìlà ogún péré ni mo fi ń ṣe, mo lè kọ ọ́ fúnra mi. Ṣùgbọ́n láíbírì tó ń ya àwòrán ni mo gbà wá ní ẹ̀dà fífún pọ̀, n kò sì mọ bí n óò ṣe kọ́ ọ láti orísun láìsí npm, irinṣẹ́ tó ń gba láíbírì JavaScript wá láti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìpinnu mi ni pé n óò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àká tèmi fún .deb, àti COPR fún rpm, kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù á sì wà lórí ohun èlò kan tí kì í wọ íntánẹ́ẹ̀tì. N óò ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ tí n óò máa fi àtúnṣe ààbò nìkan kún fún ọdún méjì. Bí mo bá rí i pé mo lè mú ìlérí yẹn ṣẹ fún ọdún kan, nígbà náà ni n óò fi ITP sílẹ̀.

Alákàá

Má dúró de ọdún kan kó o tó fi ITP sílẹ̀. Kò de ọ́ mọ́lẹ̀, ó kàn ń jẹ́ kí a mọ̀ pé o wà níbẹ̀ ni. Bí o bá sì ṣe ń kọ ọ́, wò ó bóyá orúkọ irinṣẹ́ rẹ kò tíì wà nínú àká fún nǹkan mìíràn, àti pé fáìlì tó fẹ́ gbé sínú /usr/bin kò bá ti ẹlòmíràn pàdé. Ó rọrùn láti yí orúkọ padà nísinsìnyí ju ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ní ti láíbírì tó ń ya àwòrán, sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Àwọn kan lára wọn ti wà ní Debian pẹ̀lú orísun wọn, ìdìpọ̀ wọn a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú libjs-. Bí tìrẹ bá wà lára wọn, ohun tí o máa ṣe kò ju pé kí o sọ fún ìdìpọ̀ rẹ pé kó gbára lé e, kí ó sì mú fáìlì náà láti /usr/share/javascript.

Aṣọ́de

uPlot ni.

Alákàá

Ó kéré, ìwé-àṣẹ MIT ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì gbára lé láíbírì mìíràn. Kíkọ́ ọ láti orísun kò yẹ kó le. Ṣí ITP fún tìrẹ lálẹ́ òní, kí o fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ síbí. N óò yẹ àká wò fún uPlot, bí kò bá sí níbẹ̀, n óò bá ọ ṣe ìdìpọ̀ rẹ̀.